Ọmọ Tí A Lọ Pàdé ní Akra

Ẹ̀yìn Ilé Ìwòsàn Ìjọba,
Igando,
Ìpínlẹ̀ Èkó.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kọkànlá, 2024.

Fisáyọ̀ ọmọ mi, àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni o wà, ìwọ àti Charles ọkọ rẹ pẹ̀lú àwọn ọmọ? Òtútù Jọ́ọ̀sì á ti máa bẹ̀rẹ̀ báyìí. Àdúrà mi ni pé kí ó bá yín lára líle, kí ikọ́ má ya ilé yín, kí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tí o ń ṣe má sì gba gbogbo okun rẹ tán. Ní tèmi, ara mi le, ọpẹ́ ni fún Olúwa. Orúnkún mi ṣì ń ké, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ìyàwó àbúrò rẹ ti bímọ, n kò ráyè gbọ́ ohun tó ń sọ.

O ti gbọ́ lórí fóònù pé Títí bí obìnrin, pé ìyá àti ọmọ wà ní àlàáfíà, àti pé a sọ ọmọ lórúkọ lánàá. Mo mọ̀ bó ṣe dùn ọ́ tó pé ibi iṣẹ́ kò fún ọ láyè láti wá. Ohun tí o kò tíì gbọ́ ni bí ọmọ náà ṣe wá. Fóònù kò ṣeé fi sọ ọ́. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò bá tilẹ̀ já, ìwọ náà mọ̀ pé bí mo bá ti gbé fóònù sétí, gbogbo àdúgbò ló máa ń bá mi gbọ́ ọ. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó ti ìwé àti bírò bí ọmọ ilé ìwé. Alàgbà Ọláoyè, ará ìjọ wa tó ń bọ̀ wá kí ọmọ rẹ̀ ní Jọ́ọ̀sì, ló máa mú un wá fún ọ. Ìwọ nìkan ni kí o kà á.

Kí o má baà rò pé ìyá rẹ ń tú àṣírí ilé ọmọ rẹ̀, Bọ̀dé àbúrò rẹ àti Títí ló ní kí n kọ ọ́. Wọ́n fẹ́ kí ẹnì kan mọ̀ yàtọ̀ sí èmi, nítorí èmi ti ń dàgbà, ọmọ náà sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Nígbà tí mo bi wọ́n pé ta ni kó jẹ́, ẹnu àwọn méjèèjì ló pa pọ̀ dárúkọ rẹ.

O rántí bí ọdún ṣe ń gorí ọdún lórí ìgbéyàwó wọn. Títí ń kọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ní Ẹ̀gbẹ́dá. Láti àárọ̀ di ọ̀sán, ọmọ ọlọ́mọ ló ń so okùn bàtà fún, ọmọ ọlọ́mọ ló ń nu imú fún. Bó bá di ọjọ́ Ìsinmi, àwọn obìnrin ìjọ á tún fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Èyí á fún un ní òróró, èyí á ní kó lọ gbààwẹ̀ lórí òkè, ẹnì kan tilẹ̀ fún un ní bèbí oníròbà pé kó máa pọ̀n ọ́n kiri ilé. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Á ní, "Ẹ ṣé, mà." Bèbí yẹn wà lọ́wọ́ ọmọ kan ní kíláàsì rẹ̀ títí di òní.

Ní ọ̀sán Sátidé kan, Bọ̀dé wá bá mi níbí. Afẹ́fẹ́ ń gbé òórùn ààtàn Solous bọ̀, mo ń ti fèrèsé, mi ò tètè rí ojú rẹ̀. Mo gbé oúnjẹ fún un, kò ṣí i. Ó ní àwọn ti lọ ṣe àyẹ̀wò, òun àti ìyàwó òun. Ó wá sọ pé, "Màmá, kò sí nǹkan kan tó ń ṣe Títí. Èmi ni."

Dókítà ti bi í bóyá ó ṣe ṣegede nígbà tó ń bàlágà. Ìwọ gan-an á rántí ìgbà tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú bí ẹni tó há ẹ̀bà sẹ́nu, tí ìwọ ń fi ṣíbí bu ògì fún un. Kì í ṣe ẹ̀rẹ̀kẹ́ nìkan ló wú. Ibi tí ọmọkùnrin tó ti ń dàgbà kì í fi han ìyá rẹ̀ náà wú, ó sì lọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ó ti ba nǹkan jẹ́. Ohun tí dókítà sọ ni pé kò sí irúgbìn kankan nínú omi ara rẹ̀, kò sì sí oògùn tó lè dá a padà.

Ó ní nígbà tí àwọn délé lọ́jọ́ náà, òun sọ fún Títí pé kó máa lọ, kó lọ fẹ́ ẹni tó máa fún un lọ́mọ, òun kò ní bínú. Mo bi í pé kí ni Títí wí. Ó ní Títí wo òun, ó wo òun, ó wá ní, "Ṣé o ti jẹun?" Ó sì wọ ilé ìdáná lọ. Fisáyọ̀, irú obìnrin tó wà nínú ilé wa nìyẹn.

Dókítà kan náà ló la ọ̀nà fún wọn. Ó ní àwọn ọkùnrin kan wà tí wọ́n máa ń fi àtọ̀ wọn tọrẹ nílé ìwòsàn. A kì í mọ orúkọ wọn, àwọn náà kì í mọ ẹni tó lò ó. Títí gbà. Bọ̀dé náà gbà, àmọ́ kò fẹ́ kó jẹ́ ní Èkó. Ó ní bí àwọn bá ṣe é níbí, òun kò ní lè wọ kẹ̀kẹ́ láti Ìkòtún dé Ẹ̀gbẹ́dá mọ́ láìmáa wo imú gbogbo ọkùnrin tó bá jókòó ti òun, bóyá ó jọ ti ọmọ òun. Bí ọmọ bá sì dàgbà, tó mú àfẹ́sọ́nà wálé láti òpópónà kejì, ẹ̀rù á tún bẹ̀rẹ̀. Dókítà ní irú ìyẹn kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n kò bá a jiyàn. Ó darí wọn sí ilé ìwòsàn kan ní Akra, ní ilẹ̀ Gánà, níbi tí ẹni tí wọ́n jọ kàwé ti ń ṣe irú iṣẹ́ náà. Bọ̀dé ta ilẹ̀ tó rà sí apá Ìpájà, ọ̀rọ̀ owó sì parí síbẹ̀.

Ìtọ́jú náà gba kí Títí dúró lọ́hùn-ún fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ilé-iṣẹ́ tí Bọ̀dé ti ń ṣe akápò ní Ìkẹjà kò sì lè yọ̀ǹda rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ta ni yóò wá bá a dúró? Títí ló yíjú sí mi, ó ní, "Màmá, ṣebí Gánà ni wọ́n bí yín sí?" Bó ṣe di tèmi nìyẹn. O ṣáà mọ̀ pé Kùmásí ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ la sì wà títí ìjọba wọn fi ní kí àwọn àjèjì máa lọ, tí àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ di ẹrù padà sílé. Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà náà. Mi ò tún tẹ ilẹ̀ náà mọ́.

Bọ̀dé sìn wá lọ. A gba Sẹ̀mẹ̀, a la Kútọnù àti Lomé kọjá nínú bọ́ọ̀sì ńlá kan tó tutù bíi yàrá yìnyín. Bí a bá ti dé ibodè kan, mo máa ń di ọwọ́ Títí mú bí ẹni pé wọ́n á tún lé mi padà. Nígbà tó kan ti Gánà, òṣìṣẹ́ tó gba ìwé ìrìnnà mi rí Kùmásí níbi tí wọ́n kọ ibi ìbí mi sí. Ó gbójú sókè, ó ní, "Màmá, ẹ káàbọ̀ sílé." Ẹ̀rín ni mo ń rín títí a fi wọ Akra, Bọ̀dé sì ń wò mí bí ẹni pé orí mi ti dàrú.

Bọ̀dé ti bá wa lọ láti fọwọ́ sí ìwé ìtọ́jú, kó tó padà síbi iṣẹ́. Dókítà ibẹ̀, obìnrin kan tí kì í yára sọ̀rọ̀, bi í pé irú ọkùnrin wo ni wọ́n fẹ́. Ṣé kó ga? Ṣé kó dúdú? Ó ní níwọ̀n bí Títí ti jẹ́ AS, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ AA nìkan ni àwọn máa lò, kí ọmọ má baà bọ́ sọ́wọ́ àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde. Mo rò pé Bọ̀dé máa ní kó ga, nítorí o mọ̀ bó ṣe máa ń fi gíga tirẹ̀ yangàn. Ohun tó béèrè ni pé, "Ọkùnrin náà, ṣé tinútinú ló fi ṣe é?" Dókítà ní bẹ́ẹ̀ ni, pé àwọn kì í gbà á lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n bá fipá mú. Bọ̀dé ní, "Ó tó bẹ́ẹ̀." Ó gba bírò, ó fọwọ́ sí i.

Yàrá kan lẹ́bàá ilé ìwòsàn ni èmi àti Títí ń gbé. Nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Hope ló ń gún un lábẹ́rẹ́ níkùn láràárọ̀ kí ẹyin rẹ̀ lè pọ̀. Á yé ìwọ jù mí lọ. Èyí tó yé mi ni pé wọ́n á yọ ẹyin náà, wọ́n á pò ó mọ́ àtọ̀ nínú àwo dígí, bó bá gbà, wọ́n á dá a padà sínú ìyá. Lọ́sàn-án, a ó rìn lọ ra kẹ́ńkè, ẹ̀kọ líle tí wọ́n ń fi háhá àgbàdo dì. Èdè Tíwì tí mo rò pé ó ti fi ẹnu mi sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá. Ìyá tó ń ta kẹ́ńkè fọwọ́ bo ẹnu lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó ní bí ìyá ìyá òun ṣe ń sọ̀rọ̀ láyé àtijọ́ ni mo ń sọ ọ́, àmọ́ pé ọ̀rọ̀ ọmọdé ló kún ẹnu mi. Kò burú, ọmọdé ni mí nígbà tí mo gbọ́ ọ kẹ́yìn. Láti ọjọ́ náà ló ti ń fi ẹja kún tiwa, tí Títí á máa rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ti àkọ́kọ́ kò dúró. A ti ń palẹ̀ mọ́ láti wálé nígbà tí ẹ̀jẹ̀ fara hàn. Hope dì mọ́ Títí. Ní ọ̀nà, Títí gbórí lé èjìká mi láti Lomé dé Sẹ̀mẹ̀, mi ò mọ̀ bóyá ó ń sùn. Dókítà ti sọ pé èyí tó kù nínú ohun tí wọ́n pò wà ní ìpamọ́ nínú yìnyín, pé ìgbàkígbà tí a bá ṣe tán ni kí a padà. Ṣùgbọ́n Bọ̀dé ní ó tó gẹ́ẹ́. Kò bínú o. Ó ń lọ síbi iṣẹ́, ó ń kí èèyàn ní ṣọ́ọ̀ṣì, àmọ́ kò dárúkọ ọmọ mọ́. Títí ló sọ ohun tó wà nínú ọkọ rẹ̀ fún mi. Kì í ṣe pé kó má dúró lẹ́ẹ̀kejì ló ń bà á lẹ́rù. Ẹ̀rù ń bà á pé yóò dúró, pé ọmọ á dé, òun á wo ojú rẹ̀, òun ò ní rí ara òun níbẹ̀, òun ò sì ní lè fẹ́ràn rẹ̀ bó ṣe yẹ kí bàbá fẹ́ràn ọmọ.

Mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ bá wọn ní Ẹ̀gbẹ́dá lẹ́yìn ìsìn. Ohun tí mo sọ fún Bọ̀dé lọ́jọ́ náà, ìwọ náà kò gbọ́ ọ rí, torí náà fara balẹ̀ kà á. Bàbá àgbà yín, bàbá mi tí ẹ mọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, tó máa ń gbé yín sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ ológeere, kì í ṣe òun ló bí mi. Ẹni tó bí mi kú sínú jàǹbá ọkọ̀ nígbà tí mo wà nínú oyún. Mo ń rákò nígbà tí bàbá àgbà yín fẹ́ ìyá mi. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló sọ fún mi nígbà tí mo ń múra àtilọ sílé ọkọ. Bàbá fúnra rẹ̀ kò sọ ọ́ títí ó fi kú.

Mo sọ fún Bọ̀dé bí a ṣe kúrò ní Kùmásí. Ìyá mi wà nínú oyún, ó ti bá ọkọ̀ ìṣáájú lọ, ó ku èmi àti bàbá. Oníṣòwò aṣọ ni bàbá, gbogbo ohun tó ní láyé sì wà nínú ìdì ńlá méjì. Nígbà tó kàn wá, ọkọ̀ ti kún. Awakọ̀ ní àyè tó kù kò lè gba ẹrù àti ọmọ pọ̀. Àwọn kan ní kó fi mí sílẹ̀ fún àwọn ará ilé tó ń bọ̀ lẹ́yìn, pé mo ṣáà máa bá a lọ́nà. Bàbá ti ẹrù náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó gbé mi lé itan. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n jọ gbé Gánà bi í lójú mi pé ta ló padà jogún àwọn aṣọ yẹn. Bàbá ní, "Aṣọ wo?" Kì í ṣe pé ó ń ṣàwàdà. Ó ti gbàgbé ni.

Bọ̀dé wá bi mí bóyá ó dùn mí nígbà tí mo gbọ́ pé kì í ṣe bàbá ló bí mi. Mo ní ó dùn mí títí di àárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí bàbá lọgun orúkọ mi láti ìta pé kí n wá bá òun wá bàtà òun, bó ti máa ń ṣe. Mo lọ bá a wá a. Ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀. Títí ti wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná tó ń gbọ́ wa. Bọ̀dé kò tún wo èmi, òun ló wò. Ó ní, "Ìgbà wo ni ilé ìwé yín lè fún ọ láyè?"

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jọ lọ, la sì jọ dúró lẹ́ẹ̀kejì, nítorí Bọ̀dé ti kó gbogbo ìsinmi ọdún rẹ̀ jọ. Lọ́jọ́ tí èsì jáde, Hope bá wa lábẹ́ igi níwájú ilé ìwòsàn. Kò tíì sọ̀rọ̀ tí a ti mọ̀, eyín rẹ̀ ti wà níta. Bọ̀dé dìde, ó jókòó, ó tún dìde. Nínú gbogbo ohun tó lè béèrè, ohun tó bi Hope ni pé ṣé Títí ṣì lè máa jẹ kẹ́ńkè. Èmi bẹ́ sí orin ìyìn, àwọn aláìsàn tó jókòó níbẹ̀ sì bá mi gbè é, bẹ́ẹ̀ wọn ò gbọ́ Yorùbá.

Ìwọ ì bá rí àbúrò rẹ nígbà oyún yẹn. Ó ń fọṣọ, ó ń gbé omi, ó ń bá Títí gbé báàgì lọ sẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé. Ó ra ìbọ̀sẹ̀ onírun ọmọdé ní ọjà Ìkòtún nínú oòrùn oṣù Kẹta. Bí wọ́n bá gbá bọ́ọ̀lù tán, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á ka èsì rẹ̀ sí ikùn ìyàwó rẹ̀. Títí á ní, "Jàre, jẹ́ kí ọmọ sùn."

Ilé ìwòsàn ìjọba tó wà nítòsí mi níbí ló bí i sí, lọ́sàn-án gangan, láìsí iṣẹ́ abẹ. Nígbà tí nọ́ọ̀sì gbé ọmọ náà lé Bọ̀dé lọ́wọ́, mi ò wo ọmọ o. Ojú àbúrò rẹ ni mo ń wò. Ó tẹjú mọ́ ọn, ó tẹjú mọ́ ọn. Ọmọ náà wá ya ẹnu, ó yán. Bọ̀dé gbójú sókè sí mi, ó ní, "Màmá, ó yán." Ó sọ ọ́ bí ẹni pé kò sẹ́ni tó yán rí láyé. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ẹ̀rù tó ń bà á ti lọ, kò sì ní padà wá mọ́.

Lánàá tí a sọ ọ́ lórúkọ, Ìyá Wàsíù, aládùúgbò mi tó máa ń bá mi ra gáàsì, wá láti bá wa yọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ wo ọmọ, ó ní iwájú orí Bọ̀dé nìyí láìṣẹ́kù. Mo yára wo Bọ̀dé. Ẹ̀rín ló ń rín, ó ní, "Ẹ ṣé, mà," kò sì yí ojú kúrò. Pásítọ̀ kéde Olúwadọ̀tun, orúkọ tí Títí mú. Nígbà tó kan oríkì, gbogbo ènìyàn yíjú sí mi, ìyá àgbà. Mo ti lanu tán nígbà tí Bọ̀dé ní kí n jọ̀wọ́, kí n jẹ́ kí òun sọ ọ́. Ó ní, "Àjọkẹ́." Àwọn èèyàn ṣe àmín, nítorí oríkì tó wọ́pọ̀ ni. Títí nìkan ló bojú. Ọmọ tí a jọ kẹ́. Bọ̀dé ti rò ó tipẹ́, kò sọ fún ẹnì kankan.

Wọ́n ti pinnu pé àwọn á sọ fún un. Wọn ò ní dúró títí yóò fi máa lọ sílé ọkọ bíi tèmi. Láti kékeré ni wọ́n á ti máa sọ ọ́ fún un, kó lè mọ̀ ọ́n bó ṣe mọ orúkọ ara rẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ tí mo ń bẹ̀ ọ́ ni pé bí mo bá ti lọ sinmi, tó bá sì fẹ́ béèrè ohun tí kò lè bi bàbá àti ìyá rẹ̀, kó ní ẹni tó máa sá tọ̀. Ìwọ ni kó jẹ́. Má sì jẹ́ kí ti bàbá àgbà yín dà ọ́ láàmú. Òun náà ni bàbá àgbà rẹ, kò yí padà.

Olúwa yóò ṣọ́ ilé rẹ. Àwọn ọmọ rẹ yóò dàgbà, wọn yóò bá ọmọ yìí ṣeré láìsí àìsàn láàárín wọn. Ayọ̀ tó wọlé wa kò ní jáde. Bí o bá rí àyè ní Kérésì, má bẹ̀rù ọ̀nà jíjìn, máa bọ̀ wá gbé e.

Èmi ni ìyá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Màmá Fisáyọ̀, tí wọ́n ti ń pè ní Màmá àgbà Dọ̀tun báyìí.

Mo tún rántí: ní kí Alàgbà Ọláoyè bá mi mú ànàmọ́ òyìnbó bọ̀, Títí ní ìyẹn ni ẹnu òun ń fẹ́. Títí àti ọmọ wà lọ́dọ̀ mi títí oṣù yìí á fi parí, Bọ̀dé náà sì ń tibí lọ síbi iṣẹ́. Bí mo ṣe ń kọ ìlà yìí ló wọlé. Ọmọ tí mo kọ́ ní ìkíni kó tó mọ̀ ọ́n rìn gba iwájú mi kọjá, kò kí mi, kò bọ́ bàtà, ó lọ tààrà sídìí ibùsùn ọmọ. Mi ò bá a wí.